Sí Akínbọ́lá Tí Mo Lé Torí Pé Nǹkan Ò Bàjẹ́

Ilé-Ẹ̀kọ́ Gírámà Ọ̀nà-Ayọ̀,
Ìgàndó, Èkó.
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹwàá, oṣù Kejì, ọdún 2026.

Akínbọ́lá, ọmọ mi,

Mo kí ọ. Mo kí ìyá rẹ, mo kí aya rẹ àti ìkókó tí mo gbọ́ pé Ọlọ́run fi ta yín lọ́rẹ, tí n kò sì wá kí yín. Mo gbà á ládùúrà pé kí lẹ́tà yìí bá gbogbo yín nínú àlàáfíà. Ní tèmi, ara le, ṣùgbọ́n ọkàn mi ò balẹ̀ rárá. Nọ́ńbà rẹ tó wà lọ́wọ́ mi kò lọ mọ́, ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí Olúwaṣìkẹ́mi, akọ̀wé wa, mú ìwé yìí wá sí ilé ìyá rẹ ní Àgbàdo. Jọ̀wọ́, kà á dé ìparí kí o tó bínú.

Kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì wa ti kú. Bí ọdún tuntun ṣe wọlé ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í dún kẹ́-kẹ́-kẹ́. Mo ní ooru ni, mo ní kí wọ́n gbé fáànù kọjú sí i. Ní ọjọ́ Ajé tó lọ lọ́hùn-ún, ó dákẹ́. A gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Ìkọ̀tún, ọ̀dọ̀ ẹni mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ohun kan náà ni wọ́n sì ń sọ: "Mummy, hard disk yìí ti lọ jàre, kò sí nǹkan tó lè jáde níbẹ̀ mọ́." Inú rẹ̀ ni máàkì àwọn ọmọ SS3 wa wà, ti ọdún méjì tí wọ́n lò ní SS1 àti SS2. Ọmọ mọ́kànlélógójì ni wọ́n. Ọjọ́ Ẹtì yìí ni àjọ tó ń ṣètò ìdánwò máa kásẹ̀ ìforúkọsílẹ̀ nílẹ̀. Ọmọ tí máàkì rẹ̀ kò bá tíì dé ọ̀dọ̀ wọn, kò ní jókòó ṣèdánwò lọ́dún yìí.

Wàá bi mí pé bébà ńkọ́. Nínú oṣù Kẹsàn-án tó kọjá, nígbà tí a ń tún yàrá ìkẹ́rù ṣe, mo rí àwọn ìwé máàkì náà, mo ní kí ni wọ́n tún ń wá níbẹ̀ nígbà tí gbogbo rẹ̀ ti wà nínú kọ̀ǹpútà. Mo kó wọn fún ìyá alákàrà ẹnu géètì wa. Ọ̀rọ̀ burúkú tòun tẹ̀rín: lánàá mo ra àkàrà, bí mo ti tú u, orúkọ Jésùtóbi ni mo rí lára bébà, máàkì Físíìsì, méjìdínlógójì nínú ogójì. Mo sáré padà síbẹ̀ pé kí ìyá náà kó gbogbo bébà rẹ̀ fún mi. Ó ní èyí tó kù nìyẹn, pé àwọn yòókù ti bá oníbàárà lọ láti ìgbà Kérésì. Mo dúró lẹ́nu géètì, mo sunkún, àwọn ọmọ ilé-ìwé mi sì ń wò mí.

Dísìkì dúdú tí o máa ń so mọ́ kọ̀ǹpútà láti fi ṣe àdàkọ ńkọ́? Lẹ́yìn tí o lọ, inú dúrọ́ọ̀ ló jókòó sí. Mo wò ó pé kò ṣe nǹkan kan, mo bá fi yá àwọn tó ń ya fídíò ní ṣọ́ọ̀ṣì wa nígbà àjọ̀dún ìdásílẹ̀. Wọ́n bi mí bóyá nǹkan wà lórí rẹ̀, mo ní kò sí. Wọ́n pa gbogbo rẹ̀ rẹ́ kí àyè lè gba fídíò wọn, wọ́n sì dúpẹ́ lọ́wọ́ mi níwájú ìjọ.

Bẹ́ẹ̀ náà ni mo ṣe wo ìwọ. Gbogbo Sátidé kejì nínú oṣù ni o máa ń wá. Wàá nu eruku, wàá jókòó ti kọ̀ǹpútà, wàá tẹjú mọ́ ọn bí ẹni ń ka Bíbélì, wàá kọ nǹkan sínú fáìlì rẹ, wàá lọ. Fún odindi ọdún mẹ́ta, kò sí ohun tó bàjẹ́. Dípò kí n dúpẹ́, mo pè ọ́ síwájú àwọn tíṣà nínú oṣù Keje, mo ní ẹni tí kò rí ohun tó bàjẹ́ tún ṣe, kí là ń pè é wá ṣe lóṣooṣù? Mo ní tí nǹkan bá bàjẹ́, a máa ránṣẹ́ sí ọ. O rọra dá mi lóhùn pé, "Ma, tó bá ti bàjẹ́ kẹ́ ẹ tó pè mí, ó lè ti pẹ́ jù." Mo ní ṣé ìwọ tí mo kọ́ ní ìṣirò ni wàá wá máa kọ́ mi níṣẹ́. O dọ̀bálẹ̀, o fi fáìlì sórí tábìlì, o sì lọ.

Fáìlì yẹn ni mo fi ti ẹsẹ̀ tábìlì kan tó ń mì. Àárọ̀ òní ni mo tó yọ ọ́, mo sì kà á látòkè délẹ̀. Oṣù tí fáírọ́ọ̀sì bá fíláṣì tíṣà kan wọlé, o ti yọ ọ́ kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀. Ọjọ́ tí iná dé tó ju agbára lọ, tó jó fìríìjì ilé kejì, ohun tí o so mọ́ wáyà wa ló gbà á dúró. Èmi sì ti lọ jẹ́rìí rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì láìdárúkọ rẹ. Ní ojú ìwé tó gbẹ̀yìn, o kọ ọ́ pé dísìkì inú kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì ti ń darúgbó, kí a pààrọ̀ rẹ̀ kó tó di Kérésì. Lábẹ́ rẹ̀ ni o kọ ọ́ sí pé: "Àdàkọ kan tún wà lọ́wọ́ mi. Ẹ pè mí nígbàkígbà, ma."

Akínbọ́lá, ṣé ó ṣì wà? Máàkì ti SS3 ṣì wà lọ́wọ́ àwọn tíṣà, ti SS1 àti SS2 tó wà lọ́wọ́ rẹ nìkan ló kù tí a ń wá. Bí o bá ti pa á rẹ́, n kò ní dá ọ lẹ́bi, ṣùgbọ́n n kò mọ ohun tí màá sọ fún òbí mọ́kànlélógójì. Ǹ bá wá fúnra mi wá kúnlẹ̀, àmọ́ mo mọ̀ pé ìyá rẹ kò ní gbà kí àgbà kúnlẹ̀ fún ọmọ òun.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan tí mo lè fi pamọ́, tí ìwọ kò sì ní mọ̀ láéláé. Nínú oṣù Kẹwàá, ilé-ìwé kan ní Gowon Estate pè mí. Wọ́n fẹ́ gbà ọ́ kí o máa tọ́jú kọ̀ǹpútà wọn, wọ́n sì ń béèrè irú ẹni tí o jẹ́. Mo ní ọ̀lẹ ni ọ́. Mo ní o kàn máa ń jókòó lásán ni. Èmi ni ìdí tí wọn kò fi pè ọ́ mọ́. Ẹyin lohùn. Mo pe obìnrin tó ni ilé-ìwé náà láàárọ̀ yìí láti kó ọ̀rọ̀ mi jẹ, ó ní àwọn ti gba ẹlòmíràn. Mo sọ ọ́ torí n kò lè máa tọrọ àánú lọ́wọ́ rẹ pẹ̀lú irọ́ lẹ́nu. Bí èyí bá mú kí o kórìíra mi, má wá. Fi àdàkọ náà rán Olúwaṣìkẹ́mi, kí ìyà ẹnu mi má jẹ ọmọ ọlọ́mọ.

Ọlọ́run á wo ọmọ tuntun náà. Kò ní bọ́ sọ́wọ́ olùkọ́ tí yóò ṣe é bí mo ti ṣe ọ́. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ tí ojú mi kò rí, ojú ẹni tó ṣe pàtàkì yóò rí i.

Èmi ni olùkọ́ rẹ àtijọ́, tó yẹ kó ti ṣe bí ìyá fún ọ,
Fọláṣadé Dáramọ́lá.

Àfikún: Mo fi bébà olóròóró Jésùtóbi sínú àpò lẹ́tà yìí, kí o lè rí i pé n kò parọ́. Bí o bá ń bọ̀, mú un dání. Bí o kò bá ní í wá, jọ̀wọ́ fún Olúwaṣìkẹ́mi kó mú un padà wá fún mi. Nínú gbogbo máàkì ọdún méjèèjì, òun nìkan ló kù lọ́wọ́ wa.