Ẹrù Gbígbé Nìkan Ló Kù

Màámi, ẹ kú ilé. Ẹ má bínú pé ohùn mi lọ sílẹ̀, ilé ìtọ̀ ibi iṣẹ́ ni mo wà. Ara mi le, oyún ti pé oṣù mẹ́fà.

Nọ́ọ̀sì kọ ohun tó yẹ kí n jáwọ́ nínú rẹ̀ sínú ìwé fún mi. Mi ò mu kọfí mọ́, mi ò jẹ ẹyin tí kò jinná. Èmi olóríkunkun yìí náà ni mo ń gbọ́ràn.

Ẹrù gbígbé nìkan ló kù. Aṣọ bẹ́ẹ̀dì tó ti rin fún omi máa ń wúwo, ọ̀gá ilé ìfọṣọ wa ò sì mọ̀ pé mo lóyún. Ó lé ẹni tó lóyún ṣáájú mi. Ọ̀já tí ẹ fi ránṣẹ́ pé kí n fi pọn ọmọ, òun ni mo fi ń di ikùn mọ́ra lábẹ́ aṣọ iṣẹ́. Kò fún jù.

Ẹ ní nígbà tí ẹ lóyún mi, mo máa ń sùn nínú yín, n kì í ta pútú. Ọjọ́ mélòó ni mo máa ń sùn? Ọmọ tèmi ò tíì mira láti àárọ̀ àná tí mo ti gbé àpò aṣọ tútù kẹta. Ó jọ mí ni, àbí?

Ẹ bá mi kí Bàbá. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ohùn tí mo gbà sórí fóònù yìí, ẹ kàn sọ fún wọn pé mò ń jẹun dáadáa.