Obìnrin Sàró Tí Mo Sọ Fún Pé Lọ́la

Màámi, ẹ kú ilé o. Ẹ kú ojú lọ́nà, ẹ kú àìfojúkan ọmọ. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja síbí, nínú yàrá mi ní Ọgbà, l'Ékòó, àyà mi kan sìmẹ́ńtì. Mo kí gbogbo agboolé wa ní Ìkọ̀lé, àtàgbà àtọmọdé. Mo kí Àǹtí Bọ́sẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi, tó máa ka ìwé ìròyìn yìí sí yín létí. Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fo ibì kankan. Mo mọ̀ yín. Ibi tí ọ̀rọ̀ bá ti le, ikọ́ lẹ máa ń fi fò ó.

Ẹ máa bèèrè ohun tó ṣe mí tí mo fi gbé ọ̀rọ̀ ilé sójú ìwé ìròyìn. Inú ìwé ìròyìn yìí náà ni fọ́tò tí mo yà, tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀, ti jáde, ní ojú ìwé àkọ́kọ́ gan-an. Ẹni tó bá rí fọ́tò yẹn, ó yẹ kó gbọ́ èyí tó kù. Ọ̀gá mi kọ́kọ́ kọ̀, ó ní kí n lọ sinmi. Nígbà tó wò mí títí, ó ní ó dáa, kí n kọ ọ́.

Ara mi le, Màámi, iṣẹ́ sì ń lọ. Òjò ti bẹ̀rẹ̀ níbí. Bí mo bá ń lọ síbi iṣẹ́ ní Àgídìngbì, ńṣe ni mo máa ń ká ṣòkòtò dé orúnkún bí ẹni tó ń lọ dẹ odò. Láàárọ̀, kí fèrè àwọn ilé-iṣẹ́ tó dún, òórùn búrẹ́dì ti máa ń gba ọ̀nà Agége wá bá mi lórí ibùsùn. Búrẹ́dì gbígbóná ni mo ń jẹ láàárọ̀; tó bá di ìrọ̀lẹ́, màá jẹ èyí tó kù ní tútù. Èmi nìkan ni. Láńlọ́ọ̀dù mi, ará Ìjẹ̀bú, ní láti ọjọ́ tí òun ti ń gba ayálégbé, òun ò rí ará Èkìtì tó yadi bíi tèmi rí. Ó rò pé ìgbéraga ni. Màámi, mo dá wà ni. Èrò pọ̀ ní Èkó yìí débi pé wọ́n ń tẹ ara wọn lẹ́sẹ̀, síbẹ̀ mo dá wà.

Ẹ ti ránṣẹ́ sí mi lẹ́ẹ̀mẹta pé kí n wá ya yín ní fọ́tò. Ẹ ní kí n tètè wá kí eyín iwájú tó kù tó bọ́. Mo fi owó ránṣẹ́ pé kí onífọ́tò tó wà lẹ́bàá ọjà yà yín, ẹ dá owó padà, ẹ ní ìyá télọ̀ kì í wọ òkìríkà. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Ẹ rò pé ìlú ńlá ló ń pa mí bí ọtí. Rárá o. Láti ìgbà tí mo ti Sàró dé, mi ò lè gbé kámẹ́rà sójú obìnrin tó ti bímọ mọ́. Mo ti gbìyànjú. Ọwọ́ mi kì í gbọ̀n, orí mi kì í fọ́. Mi ò kàn lè ṣe é ni.

Ẹ rántí pé nígbà tí àwọn sójà ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ìjọba fún àwọn alágbádá, tí gbogbo wa ń dúpẹ́, ogun ṣì ń jà ní Sàró, tí àwọn òyìnbó ń pè ní Sierra Leone. Iléeṣẹ́ wa rán mi lọ síbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Mi ò ní ka gbogbo ohun tí mo rí sílẹ̀. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun tán. Ohun tí ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi tẹ́lẹ̀ ni pé ojú máa ń yó bí ikùn. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kẹrin, kò sí ohun tó ń bà mí lẹ́rù mọ́. Ìmọ́lẹ̀ nìkan ni mò ń wò: ṣé oòrùn wà lẹ́yìn mi, ṣé òjìji ò bo ojú ẹni tí mo fẹ́ yà.

Báyìí ni mo ṣe dé àgọ́ kan, nígbà tí ọ̀sẹ̀ méjì náà ku ọjọ́ kan, tí wọ́n kó àwọn tí ogun lé kúrò nílé sí. Obìnrin kan jókòó sẹ́nu àtíbàbà, ọmọ rẹ̀ wà lórí ẹsẹ̀ rẹ̀, aṣọ bò ó. Ìgbẹ́ gbuuru ló pa ọmọ náà láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Mo yọ sí i pẹ̀lú kámẹ́rà lójú. Ó gbójú sókè, ó ní kúṣẹ́. Etí mi gbọ́ ọ pé ẹ kú iṣẹ́. Inú mi mà dùn o, Màámi! Mo ní òo, ẹ ṣé, mà. Awakọ̀ wa ló là mí lóye nígbà tí a padà sínú mọ́tò. Ó ní bí àwọn ará ibẹ̀ ṣe ń kí ara wọn nìyẹn, pé ẹnu àwọn Yorùbá tó já síbẹ̀ láyé òwò ẹrú ni wọ́n ti gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ti kúrò nínú rẹ̀ tipẹ́. Ó kàn ń kí mi ni, bí èèyàn ṣe ń kí àlejò. Èmi ni mi ò kí i. Èmi ọmọ yín, tí ẹ fọ́ létí lójú gbogbo ayé nítorí pé mo kọjá lára àgbàlagbà láì dọ̀bálẹ̀, mo bá ọlọ́fọ̀ nínú ọ̀fọ̀, mi ò ní ẹ kú ọ̀fọ̀. Ìyìn ni mo gbà.

Ìyẹn ṣì kéré. Mo ní kó bá mi ká aṣọ kúrò lójú ọmọ. Èdè wọn jọ píjìn wa, ó gbọ́ mi dáadáa. Ó ká a. Lẹ́yìn náà ló tú gèlè rẹ̀, ó tún un wé, ó fi ìka nu ìpéǹpéjú ọmọ náà, ó na ẹ̀yìn ró, ó sì kojú sí mi láìṣẹ́jú, bí a ṣe ń ṣe ní ṣọ́ọ̀bù onífọ́tò. Mo yà á lẹ́ẹ̀mẹrin. Bí mo ṣe ń pa kámẹ́rà dé, ó bèèrè ìgbà tí màá gbé fọ́tò náà wá. Ó ní ọmọ náà ò ní fọ́tò kankan, pé èyí nìkan ló máa ní.

Mo ní lọ́la.

Bí àwọn télọ̀ Èkó ṣe máa ń pe lọ́la gẹ́lẹ́ ni mo ṣe pè é, kò tilẹ̀ há mi lẹ́nu. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Lọ́jọ́ kejì, mo ti wà nínú bàálù, mò ń bọ̀ nílé.

Fọ́tò náà gbayì. Àwọn òyìnbó fún un ní ẹ̀bùn, wọ́n kọ ọ́ pé obìnrin náà ní iyì, pé láàárín ìyà ó jókòó bí ayaba. Ọ̀rọ̀ rèé o! Fọ́tò ọmọ rẹ̀ ló jókòó fún. Wọ́n fẹ̀ ẹ́, wọ́n gbé e kọ́ ògiri lẹ́nu ọ̀nà iléeṣẹ́ wa. Abẹ́ rẹ̀ ni mò ń gbà wọlé lójoojúmọ́, ibẹ̀ náà ni àwọn àlejò ti ń bọ̀ mí lọ́wọ́. Gbogbo èèyàn ló ti rí fọ́tò yẹn, àfi ẹni tó ni ín. Wọ́n bẹ̀ mí ní ṣọ́ọ̀ṣì kí n wá ya ọmọ tuntun níbi ìsọmọlórúkọ, mo parọ́ pé kámẹ́rà mi bàjẹ́. Ọ̀gá mi ní kí n lọ rí dókítà. Dókítà ní kí n wá ẹni tó sún mọ́ mi, kí n sọ ọ́ fún un. Mo wò yíká, mi ò rí ẹnì kankan. Ẹ̀yin ni mo wá ń sọ ọ́ fún yìí.

Màámi, ẹ jẹ́ kí n pe orúkọ tí a kì í pè nínú ilé wa. Káyọ̀dé. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni àbúrò mi nígbà tó lọ. Wọ́n kó aṣọ rẹ̀ kúrò, wọ́n kó bàtà rẹ̀, kí ẹ má baà máa rí i. A ò sì ya fọ́tò rẹ̀ rí. Lọ́jọ́ kan tí èmi àti ẹ̀yin ń bó ẹ̀gẹ́, ẹ ṣàdédé sọ fún mi pé ẹ ṣì ń gbọ́ ohùn rẹ̀, pé ẹ mọ bó ṣe ń rìn, ṣùgbọ́n pé ẹ ti gbàgbé ojú rẹ̀. Ẹ ní tí ẹ bá fẹ́ rí i, ojú mi lẹ máa ń wò. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí nígbà náà. Mo ń bó ẹ̀gẹ́ lọ. Ọ̀rọ̀ yẹn ló wá sí mi lọ́kàn nínú bàálù, nígbà tí ó ti pẹ́ jù láti padà.

Mo ti fọ fọ́tò náà, ẹyọ méjì. Mo gé ọ̀kan kù, ojú ìyá nìkan ló wà níbẹ̀. Òun ni màá máa fi wá a kiri, nítorí mi ò bèèrè orúkọ rẹ̀. Èkejì ni odindi, tìyá tọmọ. Ojú ọmọ náà mọ́ kedere, ó dà bí ẹni tó sùn. Mo fi bébà dì í, ìyá rẹ̀ nìkan ló máa tú u. Mi ò fọwọ́ kan owó ẹ̀bùn àwọn òyìnbó láti ọjọ́ yìí, òun ni mo fi ra tíkẹ́ẹ̀tì. Lọ́jọ́ Ajé, màá padà sí Sàró. Wọ́n ní wọ́n ti tú àgọ́ náà ká. Ó ṣeé ṣe kí n má rí i, ó ṣeé ṣe kí òun náà má sí mọ́. Ẹ̀rù ń bà mí ju ìgbà tí ìbọn ń dún lọ.

Mo mọ̀ pé ẹ̀ ń retí mi, mo sì mọ̀ pé ọjọ́ orí kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Ẹ má bínú sí mi. Ìyá tí mo dá lọ́jọ́ ṣáájú yín ṣì ń dúró, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni màá kọ́kọ́ lọ.

Olúwa á dá yín sí fún wa. Ẹ ò ní fojú sunkún ọmọ mọ́ láyé. Ẹ bá mi kí Bàbá Àgbà, ẹ bá mi kí àwọn ìyàwó ilé àti àwọn ọmọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ sì wúre fún mi kí ọjọ́ Ajé tó dé. Àǹtí Bọ́sẹ̀, ó tán. Ẹ gbé ìwé yìí sílẹ̀ wàyí, kí ẹ lọ jókòó ti Màámi.

Èmi ni ọmọ yín,
Gbénga.