Kóòtù Tí Mo Wọ̀ Fún Bàbá

Ọdún márùn-ún pé lónìí tí ẹ ti fi wá sílẹ̀ nílé yín ní Ìlá, Bàbá wa, Hezekiah Àkànbí Ọláyọdé. Tinúadé àkọ́bí yín ló ń kọ èyí lórúkọ gbogbo wa. Ṣùgbọ́n ẹ̀bẹ̀ tó wà nínú rẹ̀, tèmi nìkan ni.

Bàbá, ẹ jọ̀ọ́! Gbogbo Òkè-Ìlá níbi tí ẹ ti ṣe tísà ló mọ̀ pé ẹ kì í wọ kóòtù. Agbádá kíjìpá tí Màmá fọwọ́ ara wọn hun lẹ ń wọ̀ lọ pàdé ọ̀gá, òun lẹ ń wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn ẹlẹgbẹ́ yín a máa fi yín ṣe yẹ̀yẹ́ pé kíjìpá laṣọ ọ̀lẹ. Ẹ̀rín lẹ máa ń rín. Nígbà tí ẹ lọ sí ìpàdé àwọn tísà ní Lọ́ńdọ̀nù, òun náà lẹ wọ̀. Ẹ ròyìn fún wa pé ará Íńdíà wọ aṣọ ilẹ̀ tirẹ̀, ará Gánà da tirẹ̀ bora, kò sì sẹ́ni tó bi ẹnikẹ́ni léèrè táì. Ẹ ní, "Tinú, òun ni kí ẹ fi sin mí o."

Mo gbọ́. Etí mi méjèèjì ni mo fi gbọ́!

Nígbà tí ọjọ́ ìsìnkú yín dé, àwọn ọ̀gá mi níbi iṣẹ́ ń bọ̀ láti Ìbàdàn. Mo wo agbádá náà, mo rí ibi tí Màmá ti lẹ̀ ẹ́ léjìká, ojú tì mí. Mo ra kóòtù dúdú. Èmi ni mo so táì mọ́ yín lọ́rùn, ẹnikẹ́ni ò fipá mú mi. Màmá ká agbádá yín sínú àpótí, wọ́n gbé òfì tí wọ́n fi ń hunṣọ ti ògiri. Láti ọjọ́ náà, wọn ò hun nǹkan kan mọ́.

A ti parí ibi tó ṣẹ́ kù nínú ilé yín, Bàbá, a ti kùn ún. Bọ́lánlé ọmọ yín ti bí ìbejì. Jóṣúà, àbíkẹ́yìn yín, ti gboyè ní Kánádà! Ilé-ìwé rẹ̀ ní kí kálukú wọ kóòtù tàbí aṣọ ilẹ̀ baba rẹ̀ wá síbi àsè ìgboyè náà. Ó kọ lẹ́tà pé ká fi agbádá Bàbá ránṣẹ́. Màmá ṣí àpótí fúnra wọn.

Fọ́tò dé lóṣù tó kọjá. Ẹ wo Jóṣúà láàárín àwọn òyìnbó! Ó ká apá agbádá lé èjìká bí ẹ ṣe máa ń ká a, ibi tí Màmá lẹ̀ hàn kedere, kò sì fi í pamọ́. Mo gbé e fún Màmá. Wọ́n wò ó pẹ́.

"Ó yẹ ẹ́," ni wọ́n wí. "Ẹni tó laṣọ ńkọ́, Tinúadé? Kí ló wọ̀ lọ?"

Nígbà tó di ọjọ́ kejì, mo gbé òfì kúrò lára ògiri. Màmá jókòó tì mí, ìka ni wọ́n fi ń tọ́ka ibi tí mo ti ṣì í. Aṣọ mi wọ́, òwú sì ń já. Mi ò tilẹ̀ mọ ẹni tí n ó hun ún fún.

Bàbá, àárò yín ń sọ gbogbo wa, kò dín kù rárá. Mo fẹ́ràn yín lọ́jọ́ tí mo so táì yẹn, mo sì fẹ́ràn yín lónìí tí mo mọ ohun tí mo ṣe. Bí ẹ bá lè tú táì náà níbi tí ẹ wà, Bàbá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tú u.