Ẹja Tí Ẹ Fi Sínú Kànga

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹja yín ṣì wà láàyè. Mo ní kí n kọ́kọ́ sọ ìyẹn, torí ká ní ẹ lè béèrè nǹkan lọ́wọ́ mi ni, òun lẹ máa béèrè kí ẹ tó béèrè àlàáfíà tèmi. Mi ò bá yín jà sí i mọ́. Àrọ̀ kékeré tí ẹ rà lọ́jà Ifọ̀, tí ẹ gbé sínú kẹ́ẹ̀gì wá sí Mówè, tí àwọn èrò ọkọ̀ ń bi yín léèrè bóyá ẹ fẹ́ lọ fi ṣe òògùn ni, ti di géńdé. Tí mo bá ju ike ìfami sínú kànga, ó máa ń yọ irùngbọ̀n rẹ̀ sókè bí àgbàlagbà tí wọ́n jí lójú oorun.

Ilé dákẹ́ jù, Bàbá. Lẹ́yìn ìsìnkú, kálukú bá tirẹ̀ lọ. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tó wà l'Ékòó máa ń fìláàṣì mi lọ́jọ́ Ìsinmi, èmi ni mo máa ń pè é padà, a ò sì ní tíì sọ̀rọ̀ dé ibì kankan tí káàdì mi á fi tán. Tí mo bá ti ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ mi dé láti Ìbàfò, mo ṣì máa ń kí ilé kí n tó wọlé. Mo mọ̀ pé kò sẹ́ni tó máa dáhùn. Ẹnu mi ni kò tíì mọ̀.

Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í bá ẹja sọ̀rọ̀ nìyẹn. Láràárọ̀, mo máa ń ya búrẹ́dì sínú kànga fún un, mo sì ń sọ fún un pé wọn ò tíì mú iná wá, pé oníbàárà kan ti gbé aṣọ ọmọ ilé ìwé dá sí mi lọ́rùn kò yọjú mọ́. Nígbà tó yá, ó dá ẹsẹ̀ mi mọ̀. Kí n tó dé etí kànga, á ti la ẹnu sílẹ̀. Inú mi dùn sí i gan-an, mi ò ní purọ́ fún yín, torí kò sí ẹlòmíì tó ń retí mi níbì kankan.

Ẹ̀yin kò fún un lóúnjẹ rí. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ fẹ́ ju búrẹ́dì sí i, ẹ di ọwọ́ mi mú, ẹ sọ ọ̀rọ̀ kan tí mi ò tiẹ̀ kà sí. Mo rò pé ahun ni yín. Ẹ má bínú, bó ṣe wà lọ́kàn mi nígbà náà ni mo ṣe sọ ọ́.

Ẹ rántí bí ibí yìí ṣe rí nígbà tí a kó dé? Kọ̀ǹkọ̀ tó ń ké nínú àbàtà ẹ̀yìnkùlé kì í jẹ́ kí a sùn, lámilámi á sì máa fò lórí omi náà lọ́sàn-án. Ẹ máa ń ní kí n má lé wọn, pé ohun tó fẹ́ jẹ wá làwọn ń jẹ. Wọ́n ti da iyanrìn sí àbàtà náà báyìí, ilé ti bò ó títí lọ sápá Ìbàfò. Kọ̀ǹkọ̀ ti lọ, lámilámi náà ti lọ. Omi òjò kò mọ ibi tó máa gbà mọ́, ó wà nínú fáǹdéṣọ̀n ilé tí wọn ò kọ́ parí, ó wà nínú táyà àlòkù lẹ́nu ọ̀nà fọkanáísà, ó wà nínú ọ̀rá píọ̀ wọ́tà. Ẹ̀fọn ti wá rílé gbé ju àwa èèyàn lọ.

Ìyá Ṣọlá, ìyàwó ilé kejì, tí ẹ ní kó máa wá pọn omi lọ́dọ̀ wa nígbà tí wọ́n kó dé láti Ọ̀ṣun, ṣì ń wá láràárọ̀. Ohùn rẹ̀ ni mo máa ń kọ́kọ́ gbọ́. Á fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé ọkọ wo ló máa fẹ́ obìnrin tó ń bá kànga sọ̀rọ̀, a ó sì rẹ́rìn-ín. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó da omi sínú bàsíà rẹ̀, tanwíjí ló kún inú rẹ̀, àwọn kékeré tó máa ń ta pọ́n-ún pọ́n-ún nínú omi kí wọ́n tó di ẹ̀fọn. Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni ibà dá Ṣọlá, ọmọ rẹ̀, wó. Wọ́n gbé e lọ sílé ìwòsàn, wọ́n ní ẹ̀fọn ló fà á. Ara rẹ̀ yá lẹ́yìn tó lo oògùn.

Ìyá Ṣọlá kò bá mi jà. Ó kàn rọra ní kí n yọ ẹja yẹn, kí n fi ata sè é, kí n wá da kẹ́míkà sínú kànga. Mo ní ẹja bàbá mi ni. Ó wò mí, ó gbé ike rẹ̀, láti ọjọ́ náà ló sì ti ń lọ pọn omi ní ṣọ́ọ̀ṣì tó wà lódìkejì títì. Ẹ̀fọn inú kànga wa ló jẹ ọmọ náà ni, àbí ti inú táyà? Ẹ̀fọn kì í kọ orúkọ bàbá rẹ̀ sára. Mo ṣì ń bi ara mi.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo mú dígí tí ẹ fi ń fá irùngbọ̀n, mo fi gba oòrùn, mo tan ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ sísàlẹ̀ kànga bí ẹ ṣe máa ń ṣe. Tanwíjí rọ̀ sójú omi bí òwú tó já lára aṣọ. Ẹja wà láàárín wọn. Ọ̀kan fara kan irùngbọ̀n rẹ̀, kò tiẹ̀ la ẹnu. Ó gbójú sókè, ó ń retí búrẹ́dì. Èyí tí kò jẹ tán ti rà sétí omi, ibẹ̀ sì ni tanwíjí pọ̀ sí jù. Àṣé àwọn méjèèjì ni mò ń bọ́. Ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ tí ẹ sọ lọ́jọ́ tí ẹ di ọwọ́ mi mú tó padà wá sí mi létí: “Má fún un. Ẹni tó bá yó kì í ṣọdẹ.”

Mo ṣíwọ́. Mo fi asẹ́ tí mo so mókùn kó gbogbo búrẹ́dì tó ti rà náà kúrò, mo rán àwọ̀n mo fi bo ẹnu kànga. Ṣùgbọ́n láràárọ̀, tí mo bá ṣí i láti pọn omi, ẹja á ti la ẹnu, èmi á sì gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Bàbá, lọ́jọ́ tí ẹ fi mí sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìyá aránṣọ ní Ifọ̀ kí n lọ kọ́ṣẹ́, tí mò ń sunkún, ẹ ò bojú wẹ̀yìn. Ṣé ẹ dúró nígbà tí ẹ yà sí kọ̀rọ̀? Ìyá náà ti kú, mi ò rẹ́ni bi.

Mo gbé abọ́ tánganran funfun tí ẹ fi máa ń yẹ omi kànga wò jáde, mo ń da omi àkọ́fà sí i láràárọ̀ bíi tiyín, mo ń wò ó. Tanwíjí ń dín kù díẹ̀díẹ̀. Nígbà tó yá, omi nìkan ló kù nínú abọ́, àti ojú mi, tó ti ń jọ tiyín. Mo dúró pẹ̀lú abọ́ lọ́wọ́, mo ń wá ẹni tí mo máa fi hàn. Mo gbé e lọ sí ẹnu ọ̀nà Ìyá Ṣọlá. Ó wò ó pẹ́, ó dá abọ́ náà padà fún mi.

Láàárọ̀ àná, ó wá pọn omi. Ṣọlá tẹ̀ lé e, ó mú búrẹ́dì dání, ó ní ti ẹja ni, torí ó máa ń rí mi tí mò ń ju tèmi sí i. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Mo ní, “Má fún un.” Ohùn yín ló jáde lẹ́nu mi.

Ọmọ náà wò mí gẹ́lẹ́ bí mo ṣe máa ń wò yín. Mo fẹ́ ṣàlàyé fún un, ó ti sá lọ sẹ́yìn ìyá rẹ̀.

Bàbá mi, ṣé bó ṣe máa ń dùn yín nìyí?

Èmi ni, ọmọ yín tó ń ṣọ́ kànga, tó sì fẹ́ràn yín ju bó ṣe sọ ọ́ lọ.