Ìdí Tí Gílóòbù Ọkọ̀ Bàbá Fi Ń Jó

Ọ̀fà, Ọjọ́bọ̀, oṣù Kẹfà, 1961

Gílóòbù iná iwájú ọkọ̀ Bàbá tún jó lọ́nà Òjòkú. Inú òkùnkùn ni wọ́n ti wa ọkọ̀ dé.

Wáyà inú gílóòbù ọjà tí wọ́n ń rà kò nípọn bíi ti ojúlówó. Jìgìjìgì ọ̀nà ló ń já a.

Mo bi wọ́n pé, “Bàbá, kí ló dé tẹ́ ẹ fi ń sáré lójú kòtò?”

Wọ́n rẹ́rìn-ín. “Ṣé kí ebi pa yín ni? Ẹ kì í jẹun kí n tó dé.”

Mo lọ bá Màámi.

Màámi ti gbà: láti ọ̀la, a ó máa jẹun ṣáájú, a ó bo ti Bàbá. Bó bá tutù, n ó gbé e kaná. Kí wọ́n ṣáà máa rọra bọ̀.