Orin Jìtá Tí Mo Kọ fún Rídwàn

Ojúlé Kọkànlá,
Òpópónà Rélùwéè,
Ọ̀fà,
Ìpínlẹ̀ Kwárà.
8 Oṣù Kẹfà, 2025.

Adétọ́lá, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ìwọ àti ará ilé rẹ. Ṣé ara Ìyìnolúwa ọmọ wa ti mókun? Ìwọ náà ńkọ́, ṣé o ń rí oorun sùn láti ìgbà tí mo ti pè ọ́ nípa Rídwàn? Ní tèmi, oorun ò kùn mí.

O mọ̀ pé àìsàn kíndìnrín ló mú ọ̀rẹ́ wa lọ, àti pé ọjọ́ tó kú gan-an ni wọ́n sin ín. Kí n tó ti Ìjàgbo dé, wọ́n ti bo sàréè. N kò rí ojú rẹ̀ mọ́. Ohun tó gbé mi dé ìdí jìtá nìyẹn. Mo ní kí n kọ orin kan fún un, ti jìtá nìkan, tí ẹnikẹ́ni kò ní fi ẹnu kọ, torí gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo bẹ̀rẹ̀ ló ń dà bí ìwàásù.

Nígbà tí mo rò pé ó ti parí, mo gbé e lọ bá Alhaja Àrìnpé, ìyá rẹ̀. Mo ń ṣiyèméjì, torí ilé wọn kì í ṣe ilé tí wọ́n ti ń fi orin ṣọ̀fọ̀. Wọ́n ní kí n jókòó. Mo ta á tán, wọ́n ní:

"Olúṣèyí, ó dùn. Àmọ́ ta lo kọ ọ́ fún?"

Mo ní, "Rídwàn ni, mà."

Wọ́n mirí. "Èyí tútù jù. Ọmọ tèmi a máa pariwo. Kólòlò ẹ̀ kì í jẹ́ kọ́rọ̀ tètè jáde, síbẹ̀ kò ní gbà kẹ́nikẹ́ni bá a parí ẹ̀."

Tọ́lá, ojú tì mí. Wọ́n ní bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Èmi sunkún títí n kò rí Rídwàn mọ́.

Mo tún un kọ. Níbẹ̀rẹ̀, okùn kan ṣoṣo ni mo ń ta: ohùn náà á há, á tún há, kó tó já gbangba, kí ìyókù tó rọ́ tẹ̀ lé e bí ẹ̀rín.

Àná ni mo gbé e padà lọ. Ohùn náà ṣì ń há lọ́wọ́ nígbà tí Alhaja sọ wọ́ọ́rọ́ pé, "Fara balẹ̀, Rídwàn. Mo ń gbọ́."

Bí ọ̀rọ̀ náà ti já bọ́ lẹ́nu wọn ni wọ́n fi ìbòrí bo ojú, wọ́n dìde, wọ́n wọ yàrá, wọ́n sì tilẹ̀kùn. N kò lè ta ìyókù. Sherifat, àbúrò Rídwàn, ló sìn mí dé ẹnu ọ̀nà.

N kò mọ̀ bóyá oore ni mo ṣe tàbí egbò ni mo tún dá sí wọn lára. Jọ̀wọ́, bí àyè bá yọ, wá sí Ọ̀fà. Èmi nìkan kò lè padà wọ ilé yẹn. Bá mi kí Màmá àti gbogbo ará ilé.

Èmi ni tìrẹ, nínú ọ̀fọ̀ tó kàn wá pọ̀,
Olúṣèyí.