Egungun Ẹ̀yìn Nínú Ọbẹ̀

Ọjọ́ Ajé, 8 Ọ́kítóbà 1984

Wọ́n gbé mi láti Tẹ̀dé dé ọsibítù ní Ṣakí. Ẹ̀yìn. Ẹsẹ̀ òsì ti fẹ́ kú tán, ń ṣe ni mò ń wọ́ ọ bí igi ìdáná. Dókítà Ọ̀jẹ̀túndé ní nǹkan kan ló yọ láàárín egungun ẹ̀yìn mi tó tẹ iṣan ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀. Kò ní là mí gbàràgàdà. Ihò kékeré ni, páìpù tín-ín-rín yóò gba ibẹ̀ wọlé lọ fa nǹkan náà jáde. Mo ní bí a ṣe ń fi igi yọ òkété nínú ihò nìyẹn. Ó rẹ́rìn-ín. Bí igi bá ṣi ibi gbà ńkọ́? Ó ní ẹsẹ̀ méjèèjì lè kú.

Ọ̀gá Páìpù ni mo sọ ọ́. Ọ̀dọ́ dókítà kan, Mákindé, dúró lẹ́yìn rẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9

Egungun ẹ̀yìn ewúrẹ́ nínú ọbẹ̀ ọ̀sán. Ihò róbótó kan lára rẹ̀. Mo bi Nọ́ọ̀sì Àsíátù — Ìyàwó-Mi-Kẹta, bó tilẹ̀ kọ̀ — pé ta ló yìnbọn lu ewúrẹ́. Ó wẹ̀yìn wò kó tó sọ ọ́: egungun ewúrẹ́ ni wọ́n fi ń kọ́ bí a ṣe ń lo páìpù láràárọ̀, ìyá olóúnjẹ ò sì jẹ́ kí ẹran ṣòfò. Mo tú u wò. Mùdùnmúdùn funfun tó gba àárín egungun kọjá ti já sí méjì.

Oúnjẹ ò wọlé mọ́.

Ọjọ́rú, 10

Ó tún já.

Ọjọ́bọ̀, 11

Ó fara họ, kò já. Àdìgún tó wà ní bẹ́ẹ̀dì kejì ní mò ń tú ọbẹ̀ bí ẹni tí òrùka rẹ̀ bọ́ sínú ìkòkò. Mo ní kó máa jẹun jàre, ìpá tirẹ̀ ò ní mùdùnmúdùn.

Ọjọ́ Ẹtì, 12

Ó pé. Odidi! Mo sọ fún Ọ̀gá Páìpù pé ewúrẹ́ òní lè rìn délé. Ó bi mí pé ta ló sọ fún mi. Mo ní ewúrẹ́ ni.

Ọjọ́ Àìkú, 14

Ó tún pé. Ọ̀gá Páìpù ti mọ̀ ọ́n. Mo já ẹsẹ̀ òsì léèékánná — n kò mọ̀ ọ́n lára. Ọjọ́rú ni wọn yóò ṣe ẹ̀yìn mi. Bó bá pẹ́ jù bẹ́ẹ̀, ẹsẹ̀ náà ò ní jí mọ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 16

Ó já. Bí ẹni fi abẹ gé e.

Ọ̀gá Páìpù wọlé, Mákindé tẹ̀lé e. Mo gbé egungun náà lé Ọ̀gá lọ́wọ́. Mo ní ṣebí ó ti mọ iṣẹ́ yìí láti ọjọ́ Ẹtì, ta ló gbà á lọ́wọ́ rẹ̀?

“Èyí kì í ṣe tèmi, Bàbá.”

Mákindé wolẹ̀. Ó ní òun lòun ṣe gbogbo èyí tó já. Èyí tó fara họ yẹn ló dára jù nínú tòun. Àwọn tó pé, ti ọ̀gá òun ni.

Èmi tí mo rò pé ọwọ́ kan ló ń mọ̀ ọ́n sí i!

Ọ̀gá ní wọ́n ti gbé iṣẹ́ òun lọ ibòmíràn, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ lòun ń lọ. Bí Mákindé ò bá ki páìpù bọ ara èèyàn nígbà tí òun wà nítòsí, kò ní sí ẹni tí yóò máa ṣe é níhìn-ín mọ́.

“Òun ni mo fẹ́ kó mú páìpù lọ́la, kí n dúró tì í. Bẹ́ ẹ bá kọ̀, Bàbá, màá ṣe é fúnra mi.”

Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n sùn lé e.

Ọjọ́rú, 17

Wọn ò fún mi lóúnjẹ. Dúróríkẹ́ ọmọ mi dé láti Tẹ̀dé. Nígbà tó fẹ́ dìde lórí àga, ó fọwọ́ di ẹ̀yìn ìbàdí mú, ó fajú ro. Mo bi í pé láti ìgbà wo. Ó ní ó ti pẹ́, òun ò fẹ́ fi kún tèmi ni.

Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, Ọ̀gá ti lọ. Mo ní kí wọ́n pe Mákindé wá. Mo ní kó lọ mú páìpù rẹ̀. Bó bá fi já tèmi, màá máa wọ́ tẹ̀lé e dé ilé àna rẹ̀. Kò rẹ́rìn-ín. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n. Mo dì í mú títí, pé kó lè dúró.

Ọwọ́ náà ò dúró. Àsíátù ti ń ti bẹ́ẹ̀dì onítáyà bọ̀.